Ọmọ Tó Ti Kóòtù Dé: Ẹ Wo Àyíká Rẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 15 ni ọmọ àbúrò mi obìnrin. Ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì já fóònù gbà lọ́wọ́ ẹnì kan. Kóòtù ti dá a padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ wẹ́fíà máa mójú tó o fún oṣù mẹ́fà. A ti bá a wí, a ti gbàdúrà, a tiẹ̀ ti nà án. Àwọn ẹbí ní ká gbé e lọ Èkó sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Kí lẹ rí sí i? — Ìyá Ìbejì, Adó-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì gbé e lọ, Ìyá Ìbejì. Ìbáwí, àdúrà, ẹgba: orí ọmọ nìkan ni gbogbo rẹ̀ ń balẹ̀ sí. Urie Bronfenbrenner, ọ̀jọ̀gbọ́n Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé lọ́dún 1979 pé agbo-agbo ló yí ọmọ ká. Agbo kìíní ni àwọn tó ń fojú kàn: ará ilé, tíṣà, ọ̀rẹ́, ọ̀gá iṣẹ́ ọwọ́. Ìkejì ni okùn tó so àwọn wọ̀nyí pọ̀ mọ́ra wọn. Ìkẹta ni ibi tí ọmọ kì í dé, àmọ́ tí ohun tó ń lọ níbẹ̀ ń kàn án, bí ìyá ṣe ń pẹ́ lọ́jà. Ìkẹrin ni òfin àti àṣà ìlú. Nígbà tó yá, ó fi àkókò kún un.

Àwa náà mọ̀ pé ojú mẹ́rin ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé igba ojú yẹn kì í bára wọn sọ̀rọ̀. Tíṣà rí i pé ọmọ ò wá. Ìyá rò pé ó wà ní kíláàsì. Ọ̀gá mẹkáníìkì rò pé ìyá ló rán an níṣẹ́. Agbo kejì ló já. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mú bébà kan, kẹ́ ẹ kọ orúkọ ọmọ sáàárín. Ẹ kọ gbogbo ẹni tó ń rí láàárín ọ̀sẹ̀ kan yí i ká, pẹ̀lú wákàtí tó ń rí wọn. Ẹ má kọ “àwọn ọ̀rẹ́”. Orúkọ ni kẹ́ ẹ kọ. Ẹ fa ìlà láàárín àwọn tó ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ẹ ó rí i pé ìlà yẹn ò pọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo aago. Bí ilé-ìwé bá jáde ní aago méjì, tí ìyá rẹ̀ ò sì kúrò ní Ọjà Ọba títí di aago méje ààbọ̀, wákàtí márùn-ún ààbọ̀ ló fi wà láìlẹ́ni. Aago márùn-ún tí wọ́n já fóònù yẹn, àárín rẹ̀ ló bọ́ sí.

Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ẹ pe ìpàdé: ìyá rẹ̀, tíṣà kíláàsì, òṣìṣẹ́ wẹ́fíà, ọ̀gá iṣẹ́ ọwọ́ bó bá ní in, àti ọmọ fúnra rẹ̀. Kó má ju ènìyàn mẹ́fà lọ. Tẹ́ ẹ bá kó àgbààgbà mẹ́wàá jọ, ẹjọ́ ni wọ́n máa tún dá, ọmọ á sì panu mọ́. Òun ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ohun mẹ́ta péré ni kẹ́ ẹ fẹnu kò sí: ẹni tí yóò pe ìyá kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù bí ọmọ ò bá wá; ibi tí yóò wà láti aago méjì títí ìyá á fi dé; àti ẹni tí yóò san owó ọkọ̀ débẹ̀. Owó ọkọ̀ yìí ló máa ń da gbogbo ètò rú, torí kò sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀ nípàdé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí kálukú mú ẹ̀dà kan. Ẹ tún pàdé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà lóṣooṣù.

Ní ti àwọn ọ̀rẹ́, “má bá wọn rìn mọ́” nìkan ò lè ṣiṣẹ́ bí wákàtí yẹn bá ṣì ṣófo.

Ní Amẹ́ríkà, ìtọ́jú kan wà tí wọ́n gbé ka ìmọ̀ agbo yìí: ìdílé mẹ́rin sí mẹ́fà ni òṣìṣẹ́ kan ń mú lẹ́ẹ̀kan, fún oṣù mẹ́ta sí márùn-ún, inú ilé wọn ló sì ń bá wọn. Wẹ́fíà tiwa lè má ráyè tó bẹ́ẹ̀. Dípò kẹ́ ẹ ní kó máa yà sílé lásán, ìpàdé ilé-ìwé ni kẹ́ ẹ bẹ̀ ẹ́ kó wá.

Èkó ńkọ́? Bó ṣe ń já okùn burúkú ló ń já èyí tó dáa, ọmọ á sì débi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n. Yàtọ̀ sí èyí, abẹ́ àbójútó kóòtù ló wà. Bẹ́ ẹ bá mú un kúrò láìsọ fún òṣìṣẹ́ náà, wàhálà tuntun nìyẹn. Ẹgba náà tó. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ò gba kóòtù pàápàá láyè láti ní kí wọ́n na ọmọ.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ kan tó ti kóòtù dé fẹ́ padà sí kíláàsì mi. Ṣé kí n sọ fáwọn tó kù, kí wọ́n lè ṣọ́ra? — Tíṣà, Ìkọ̀lé-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Rárá o, Tíṣà. Òfin yẹn kan náà dáàbò bo àṣírí ọmọ, kò sì gbà ká lo ọ̀rọ̀ bí “ìdálẹ́bi” fún un. Bí ọ̀gá ilé-ìwé àti olùdámọ̀ràn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti mọ̀, ó tó. Ẹ má fi í sí kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn kíláàsì. Ẹ ka iye ọ̀sẹ̀ tó pàdánù, kẹ́ ẹ wá ẹni tí yóò yá a ní nóòtù, Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ kọ́kọ́ mú. Ọmọ tí kò lóye ohun tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ kì í pẹ́ fo fẹ́ǹsì.