Kí ẹ tó ra ẹsẹ̀ irin yẹn: ohun tí rẹ́kọ́ọ̀dù bàbá mi fojú mi rí

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti ẹ̀gbẹ́ ọjà Akẹ́sán ní Ọ̀yọ́, ẹ kú ilé o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìbéèrè yín. Ẹ ní ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù yín wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, sípíkà kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Tí ẹ bá ti gbé ohùn sókè díẹ̀, yàrá á bẹ̀rẹ̀ sí í hu "hùùù" bí ìgbà tí ọkọ̀ ajágbé ń bọ̀ lókèèrè. Gíláàsì fèrèsé á máa dún jìnjìn, DVD náà á sì máa há. Ẹni tó ń ta ẹ̀rọ wá ní kí ẹ ra ẹsẹ̀ irin mẹ́rin kan báyìí, tí wọ́n ń fi sábẹ́ ẹ̀rọ, tí owó rẹ̀ tó ti odidi sípíkà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó. Mo ti san irú owó bẹ́ẹ̀ rí, ńṣe ló dá kún àìsàn náà.

Ilé bàbá mi wà lọ́nà ọjà Jagun, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni, pákó ni wọ́n fi tẹ́ òkè rẹ̀. Nígbà tí bàbá papò dà, èmi ni wọ́n ní kí n mójú tó àwọn àwo orin wọn: àpàlà, sákárà, jùjú, gbogbo rẹ̀ nínú àpótí igi kan. Mo gbé ẹ̀rọ sórí tábìlì lókè, mo ra fómù tó nípọn, mo gé e sí mẹ́rin, mo tì í sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ. Lójú tèmi, ohun tó bá rọ̀ gbọ́dọ̀ gba ìgbọ̀n mọ́ra. Ọjọ́ kẹta ni ọmọ àbúrò mi sáré kọjá. Pákó mì, ẹ̀rọ fì lórí fómù, abẹ́rẹ́ sì fò láti orin àkọ́kọ́ títí dé àárín àwo, ó ń ya lọ "ṣììì". Àwo sákárà tí bàbá fẹ́ràn jù ni. Títí di òní, tí mo bá fi èékánná kàn án, mo máa ń mọ ibi tí abẹ́rẹ́ gbà kọjá. Tí a bá sì gbé e sí i, á máa dún "tọ́" ní gbogbo ìyípo, ìgbà 33 ní ìṣẹ́jú kan. Mo sunkún lọ́jọ́ náà.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà nìyí. Gbogbo ohun tí ẹ bá gbé lé nǹkan tó rọ̀ ló ní bó ṣe ń fì tirẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ẹ sì yọwọ́, ẹ ó rí i. Tí ohun tó ń mì ín bá ń mì ní ìwọ̀n kan náà tí òun fúnra rẹ̀ ń fì, kò ní gba ìgbọ̀n mọ́ra, ńṣe ni yóò sọ ọ́ di púpọ̀, bí ẹni tó ń ti ọmọ lórí jáńgílófà tó mọ ìgbà tó yẹ kó tì í. Ohun tó ń mì náà gbọ́dọ̀ yára ju bí ẹ̀rọ ṣe ń fì lọ dáadáa, ìlọ́po méjì ó kéré tán, kí nǹkan rírọ̀ tó lè ṣe wá lóore. Ẹ lè fi rúlà mọ ìwọ̀n yìí. Ẹ wo bí ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ ṣe rì tó nígbà tí ẹ̀rọ gùn ún. Tó bá rì ní mìlímítà méjì ààbọ̀, ẹ̀rọ yóò máa fì bí ìgbà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá rì ní sẹ̀ǹtímítà kan, bí ìgbà márùn-ún ni. Fómù tèmi ti fún pọ̀ tán, ó kù díẹ̀ kó dà bí aṣọ lásán, síbẹ̀ ó ṣì ń jẹ́ kí ẹ̀rọ fì sọ́tùn-ún sósì.

Mo yọ fómù kúrò. Wẹ́dà kan bá mi jó irin igun méjì, a kàn án mọ́ ògiri, mo tẹ́ pákó lé e, mo gbé ẹ̀rọ sí i. Láti ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ ọmọdé kò ti dá abẹ́rẹ́ láàmú mọ́, nítorí pákó ilẹ̀ ni ẹsẹ̀ ọmọdé ń mì, kì í mi ògiri. Ẹni tó bá ń gbé lókè pákó, ohun tí mo lè sọ fún un nìyẹn, kò sí ẹsẹ̀ olówó gọbọi kan tó tó o.

Àmọ́ ògiri gbé ọ̀ràn tirẹ̀ dé. Lẹ́yìn ilé wa, wọ́n ń lọ èlùbọ́. Ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì àtijọ́ ni, onísílíńdà kan, èyí tó ń dún "gbù, gbù, gbù". Bí wọ́n bá ti tan án láàárọ̀, tí mo sì gbé abẹ́rẹ́ lé àwo, awọ sípíkà mi á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, á máa jáde, bí àyà ẹni tó sáré dé. Kò sí ohùn kankan nínú ìyẹn. Mo gbọ́wọ́ lé awọ náà, mo mọ̀ ọ́n lára. Orin wá ń gbọ̀n, ohùn akọrin ń mì, ampilifáyà, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè fún sípíkà, gbóná kọjá bó ṣe yẹ. Ìgbà náà ni mo lọ ra ẹsẹ̀ rọ́bà olówó iyebíye, mẹ́rin. Mo gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ tayọ̀tayọ̀. Awọ sípíkà tún wá ń jáde jù ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo lọ bá ọkùnrin tó ń lọ èlùbọ́. Ó gbà mí láàyè kí n wo ara ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Wọ́n kan irin pẹlẹbẹ kékeré kan mọ́ ọn, mo fi ìka nu epo orí rẹ̀, ó ní 650 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ pín in sí 60, bí ìgbà mọ́kànlá ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni. Apá tó gbé abẹ́rẹ́ dání náà sì ní bó ṣe ń gbọ̀n tirẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é máa ń fẹ́ kó wà láàárín ìgbà 8 sí 12 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kó má bàa kan orin, kó má sì kan àwo tó bá wọ́. Ẹsẹ̀ rọ́bà tí mo rà, mo fi rúlà wò ó, kò rì tó mìlímítà mẹ́ta. Ìyẹn ni pé òun náà ń fì bí ìgbà mẹ́wàá. Ẹ́ńjìnnì, rọ́bà àti apá abẹ́rẹ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jó ìlù kan náà, èmi ni mo sì fowó mi pè wọ́n jọ.

Tíúbù kẹ̀kẹ́ ọmọdé ló gbà mí. Mo ní kí káfíńtà gé pákó igi apá kan fún mi, èyí tó wúwo dáadáa, mo tẹ́ tíúbù sábẹ́ rẹ̀, mo sì fẹ́ ẹ ní ìwọ̀nba títí pákó fi gbéra díẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ẹ má fẹ́ ẹ kó le o. Tó bá le bíi táyà ọ̀kadà, iṣẹ́ rẹ̀ ti tán. Ó gbọ́dọ̀ rì ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ lábẹ́ ẹ̀rù rẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo yá ìwọ̀n olómi tí bíríkìlà ń lò, mo ń sún ẹ̀rọ díẹ̀díẹ̀ lórí pákó títí ó fi dọ́gba, nítorí tí ẹ̀gbẹ́ kan bá rẹlẹ̀, apá abẹ́rẹ́ á máa fà síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ a máa jò, nítorí náà mo máa ń wò ó ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Wọ́n tan ẹ́ńjìnnì èlùbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé abẹ́rẹ́ lé àwo, mo tẹjú mọ́ awọ sípíkà. Ó dúró jẹ́ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n, àìsàn tiyín kọ́ nìyẹn ṣá. Hùùù tí ẹ ń gbọ́, ara sípíkà yín ló ti ń wá. Sípíkà ń mi kọ́bọ́ọ̀dù, kọ́bọ́ọ̀dù ń mi àwo, abẹ́rẹ́ ń ka ìgbọ̀n yẹn bí orin, ampilifáyà ń dá a padà fún sípíkà, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yípo. Ẹ dán an wò báyìí: ẹ má jẹ́ kí àwo yí rárá. Ẹ gbé abẹ́rẹ́ lé e bó ṣe dúró yẹn, kí ẹ wá máa gbé ohùn sókè díẹ̀díẹ̀, kí ọwọ́ yín wà lórí bọ́tìnnì kí ẹ lè tètè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹ rọra fi ìka lu kọ́bọ́ọ̀dù. Tí ẹ bá gbọ́ "gbì" ńlá nínú sípíkà, tàbí tí hùùù bẹ̀rẹ̀ nígbà tí orin kankan kò sí, ọ̀nà tí ìgbọ̀n ń gbà nìyẹn. Ẹ gbé sípíkà kúrò lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Kí ẹ̀rọ àti sípíkà má ṣe jọ gun ohun kan náà mọ́ láé, kí ẹ̀rọ má sì sí ní kọ̀rọ̀ yàrá, torí ibẹ̀ ni ohùn tó wúwo máa ń pọ̀ sí.

Ní tèmi, wẹ́dà yẹn náà ló ṣe ìdúró sípíkà fún mi, irin oníhò nínú. Irin òfìfo máa ń dún bí agogo, mo wá rọ yanrìn kún un. Kí yanrìn náà gbẹ, kí irin má bàa dípẹtà láti inú: mo sẹ́ ẹ, mo sì yan án nínú agbada bí ẹni ń yan gààrí. Àwọn kan á ní kí ẹ fi ẹsẹ̀ irin ṣónṣó sábẹ́ ìdúró. Lórí sìmẹ́ǹtì, ó dáa, kò ní jẹ́ kó máa mì. Lórí pákó, n kò gbà á, nítorí ó ń gún ìgbọ̀n wọ inú pákó ni.

Gíláàsì fèrèsé kò ní í ṣe pẹ̀lú ẹ̀rọ rárá. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan máa ti orí fóònù gbé ohùn tó wúwo gba inú sípíkà, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ẹ̀yin máa fọwọ́ tẹ gíláàsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dákẹ́ nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ ni ọ̀daràn. Tíúbù kẹ̀kẹ́ tó ti bàjẹ́, ẹ gé e tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ fi há ibi tí irin ti gbá gíláàsì mú. Sílìn àti páànù náà a máa dún bẹ́ẹ̀, ìṣó ló ń fẹ́.

DVD tó ń há, kì í sábà jẹ́ ìgbọ̀n. Ẹ nu àwo rẹ̀ láti àárín síta, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n nu ojú gíláàsì inú rẹ̀. Tí ampilifáyà bá ń kùn "ìnnn" pẹ̀lẹ́ láìsí orin, irin inú tiransifọ́mà ló ń gbọ̀n ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìlọ́po méjì 50 ti iná wa. Rọ́bà kékeré lábẹ́ rẹ̀ lè ràn án lọ́wọ́.

Ẹsẹ̀ rọ́bà tí mo rà kò ṣòfò ṣá. Abẹ́ jẹnẹrétọ̀ wa ló wà báyìí, níta gbangba, jìnnà sí fèrèsé nítorí èéfín. Ìyípo 3,000 ní ìṣẹ́jú kan ni tirẹ̀, ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí rọ́bà ṣe ń fì kò súnmọ́ ìyẹn rárá, ògiri kò gbọ̀n mọ́.

Nítorí náà, lálẹ́ òní, ẹ sọ sípíkà méjèèjì kalẹ̀ lórí àga tàbí bíríkì, kí ẹ tún fi àwo tó dúró yẹn dán an wò. Tí hùùù bá ṣì wà, ẹ sọ fún mi bóyá sìmẹ́ǹtì ni ilẹ̀ yín tàbí pákó, kí ẹ sì fi rúlà wọn bí ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ ṣe rì tó.