Wọ́n dá aláboyún Roma padà ní GP nítorí bíìlì iná

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn GP (dókítà ìdílé) kan ní Sheffield. Aláboyún kan, ẹ̀yà Roma láti Slovakia, wá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Torí pé kò ní bíìlì tó gbé àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ. Ṣé òfin gbà wọ́n láyè? Kí ni mo lè ṣe?

Ìdáhùn: Nọ́ọ̀sì wa, ẹ kú iṣẹ́. Òfin kò gbà wọ́n láyè. Ní England, ẹnikẹ́ni lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP láìmú ìwé ìdánimọ̀, físà tàbí ẹ̀rí àdírẹ́ẹ̀sì wá. Wọ́n lè béèrè, ṣùgbọ́n wọn ò lè tìtorí ẹ̀ lé èèyàn. Ẹni tí kò nílé rárá pàápàá, àdírẹ́ẹ̀sì ilé ìwòsàn yín ni kí ẹ kọ sí i. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ fún un láàárín ọjọ́ 14. Ẹ rọra béèrè ìwé yẹn lọ́wọ́ máníjà yín. Ẹnu tó ń sọ pé "òfin ilé iṣẹ́ wa ni" kì í sábà fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀.

Bó bá wá jẹ́ pé wọ́n ń gba àwọn mìíràn láìní bíìlì, ọ̀rọ̀ ti kan Equality Act 2010, òfin tó lòdì sí ẹ̀tanú, nìyẹn, torí òfin náà dáàbò bo ẹ̀yà Roma.

Bí aláboyún náà bá forúkọ sílẹ̀ tán, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bó bá ń bẹ̀rù láti fọwọ́ sí ìwé. Lọ́dún 2000, ní ilé ìwòsàn kan ní Prešov ní Slovakia, wọ́n gbé ìwé fún obìnrin Roma kan tó ń rọbí lọ́wọ́ pé kó fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó bímọ mọ́ láé ló fọwọ́ sí. Ọdún 2011 ni Ilé Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù tó dá a láre. Òun nìkan kọ́ ni wọ́n ṣe é fún; ìjọba Slovakia tọrọ àforíjì lọ́dún 2021.

Nítorí náà, kó tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ pe ògbufọ̀. NHS, ètò ìlera ìjọba, ló ń sanwó rẹ̀. Ẹ bi í léèrè èdè tó fẹ́, torí ó lè jẹ́ Romani ni wọ́n ń sọ nílé wọn, kì í ṣe Slovak. Ẹ má fi ọmọ rẹ̀ ṣe ògbufọ̀. Ọ̀rọ̀ abẹ́ ìyá ẹni kò ṣeé gbé sí ọmọdé lẹ́nu.

Oyún ò sì ní dúró de máníjà. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, aláboyún lè lọ bá àwọn agbẹ̀bí NHS fúnra rẹ̀ láìgba ọ̀dọ̀ GP kọjá. Bẹ́ ẹ bá mọ ọ̀nà tẹ́ ẹ lè fi kàn sí i, ẹ fún un ní nọ́ńbà wọn lónìí.