“Òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru”: ẹni tó ti wà lójú omi ni wọ́n pa á fún

Ẹ kọ̀wé sí mi pé ìyá ọkọ yín ló pa òwe yìí fún yín lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ wá gbọ́ lórí rédíò pé ohun tó túmọ̀ sí ni pé bí wàhálà bá dé, kéèyàn jókòó sílé rẹ̀. Inú bí mi nígbà tí mo kà á. Ta ló ń kọ́ àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wọ̀nyí? Apẹja tó bá jókòó sílé nítorí ìgbì, kí ni àwọn ọmọ rẹ̀ máa jẹ?

Etí òkun Ìlàjẹ ni wọ́n bí mi sí, inú ọkọ̀ ni mo sì ti gbọ́ òwe yìí. Ẹ wo “wà” yẹn dáadáa. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ti kúrò lébùúté. Òwe náà ò bá ará ilé wí rárá, ẹni tí ìgbì ká mọ́ ojú omi ló ń bá sọ̀rọ̀. “Ruru” àkọ́kọ́, ti òkun ni, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. “Ruru” kejì, ti ọwọ́ wa ni. Òun ni òwe kọ̀.

Èmi gbà pé àwọn apẹja ló dá a sílẹ̀, kì í ṣe àwọn ará òkè, torí wọn ò pe ọ̀sà, òkun ni wọ́n pè. Lórí ọ̀sà, ọ̀pọ̀ ibi ni ọ̀pá ti ń kan ilẹ̀. Bí jìnnìjìnnì bá mú ọ, wàá ki ọ̀pá bọlẹ̀, ọkọ̀ á dúró. Lójú òkun, àjẹ̀ nìkan ló kù. Bí àjẹ̀ mẹ́ta ò bá sì jọ bọ omi pọ̀, ọkọ̀ á fẹ̀gbẹ́ kọ ìgbì, ìgbì á dojú rẹ̀ dé.

Ọmọ ọdún 9 ni mí lọ́jọ́ tí ìjì ká wa mọ́ ibi tí a ti ń fa àwọ̀n, igbá ni mo fi ń gbọ́n omi. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń wa ọkọ̀ bí ẹni tí oyin ń lé, oníkálukú lọ́tọ̀. Bàbá mi tó jókòó sídìí ọkọ̀ ò pariwo. Ó fi ìdí àjẹ̀ kan etí ọkọ̀: kó. Ó dúró díẹ̀. Kó. Títí ọwọ́ gbogbo wọn fi bá a mu, tí orí ọkọ̀ sì yí padà, ó kọjú sí ìgbì. Igbá tèmi náà ń tẹ̀ lé e. Ìgbà yẹn ló tó pa òwe náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tí ìyá ọkọ yín ń ṣe fún yín nìyẹn, àjẹ̀ ló ń kàn fún yín.

“Odò kì í kún bo ẹja lójú” tí ẹ fi kún un, ìyẹn ò le: ẹja kì í ṣìnà nínú ilé rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì ló ń gbé ọkọ̀ lọ báyìí, àwọn ọmọ wa ò mọ bí àjẹ̀ ṣe ń dún. Ayétòrò, ìlú etí òkun Ìlàjẹ tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ lọ, àwọn àgbà tó mọ ọ̀rọ̀ omi sì ti fọ́n ká, òmíràn ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ ní yàrá kan l'Ékòó. Bí ẹ bá ní ọ̀kan nínú wọn nítòsí, ẹ lọ jókòó tì í, kí ẹ bi í bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó bi í lówe.