Ṣé lóòótọ́ ni àjọ àgbáyé ń pín igi ẹ̀gẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń darí ẹgbẹ́ àwa obìnrin tó ń dáko ẹ̀gẹ́ ní agbègbè Ìgbó-Ọrà. Ó tó ọdún méjì báyìí tí ewé ẹ̀gẹ́ wa ń ká kò, tó ń pọ́n ráúráú, tí iṣu rẹ̀ kò sì tó nǹkan mọ́. Ọkùnrin kan wá bá wa pé àjọ àgbáyé kan ń pín igi ẹ̀gẹ́ tuntun fún àgbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹnì kọ̀ọ̀kan san ₦5,000 fún fọ́ọ̀mù. Ṣé òótọ́ ni? Bí kì í bá ṣe òótọ́, níbo la ti lè rí igi tó dáa rà?

ÌDÁHÙN: Ẹ má san kọ́bọ̀, màmá. Àjọ tó bá ń pín nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́ kì í ta fọ́ọ̀mù. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ bá ti sanwó, ẹ mú orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ọkùnrin náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Àrùn tó ń ká ewé yín kò yẹ kó jẹ́ àjèjì sí yín: mòsáíìkì ni. Àwọn eṣinṣin funfun kéékèèké tó ń gbé abẹ́ ewé máa ń gbé e kiri, ṣùgbọ́n àwa àgbẹ̀ fúnra wa ló ń gbé e jù. A gé igi nínú oko tó ti ní àrùn, a gbìn ín lọ́dún tó tẹ̀lé e, àrùn sì ti wà nínú igi kó tó kan ilẹ̀. Kò sí oògùn tí ẹ lè fọ́n tí yóò lé e jáde. Ajílẹ̀ náà kò lè wò ó. Igi ni ẹ máa pààrọ̀.

Irọ́ ọkùnrin yẹn ní ibi tó ti hù ṣá. Owó àjọ àgbáyé ti ń wọ inú iṣẹ́ ẹ̀gẹ́ tipẹ́, ibi tí wọ́n sì ti ń ṣe é kò jìnnà sí yín, torí Ìbàdàn ni IITA, àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìwádìí ohun ọ̀gbìn, wà láti 1967. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n pín lọ́fẹ̀ẹ́ rí, agbọ́n ni. Láàárín 1970 sí 1980, kòkòrò funfun mìíràn tó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá ń pa ẹ̀gẹ́ run láti Kóńgò títí dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1981, wọ́n rí agbọ́n kékeré kan ní Paraguay tó ń fi ara kòkòrò náà ṣe ibùgbé ọmọ rẹ̀. IITA sìn ín, wọ́n tú u sílẹ̀ káàkiri Áfíríkà, kòkòrò náà sì rọlẹ̀. Hans Herren tó darí iṣẹ́ náà gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 1995. Púpọ̀ nínú àgbẹ̀ tó jàǹfààní rẹ̀ kò mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀.

Agbọ́n ní ìyẹ́, igi ẹ̀gẹ́ kò ní. Éékà kan ń fẹ́ nǹkan bí ìdì 20 sí 25, igi 50 nínú ìdì kọ̀ọ̀kan. Ó wúwo, bí ó bá sì pẹ́ nílẹ̀ ó ń gbẹ. Àwọn iṣẹ́ àkànṣe àtijọ́ máa ń pín in fún àgbẹ̀. Bí owó bá ti tán, igi náà tán. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ BASICS, tí owó àjọ Bill Gates bẹ̀rẹ̀ ní 2016, fi gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n kọ́ àwọn ará abúlé láti máa gbin igi tó mọ́, kí wọ́n sì máa tà á, kí àjọ ìjọba tó ń mójútó irúgbìn, NASC, máa yẹ oko wọn wò. Èmi fara mọ́ títà yìí. Ẹni tó ń rí èrè lórí igi yóò tún gbìn ín lọ́dún tó ń bọ̀.

Torí náà ẹ wá òǹtajà tí NASC ti yẹ oko rẹ̀ wò. Ẹ béèrè ní ọ́fíìsì OYSADA, àjọ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó ń mójútó ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀. Kí ẹ má retí pé olùkọ́ àgbẹ̀ yóò wá bá yín nílé: owó yíyá Báńkì Àgbáyé ló gbé ADP, ètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ tó ń rán olùkọ́ àgbẹ̀ jáde, dìde ní 1975, nígbà tí owó náà sì dáwọ́ dúró, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò rọ́pò rẹ̀. Àwọn olórí Áfíríkà ṣèlérí ní Maputo ní 2003, wọ́n tún un sọ ní Malabo ní 2014, pé ìdá 10 nínú 100 owó ìjọba yóò máa lọ sórí iṣẹ́ àgbẹ̀. Nàìjíríà kò tíì dé ìdajì rẹ̀ lọ́pọ̀ ọdún. Ẹsẹ̀ tiyín ló máa rìn.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ lọ wo oko tí wọ́n ti máa gé igi náà nígbà tí ewé ṣì wà lórí rẹ̀. Bí ewé bá ń ká, ẹ máa lọ sílé. Kí ẹ̀gẹ́ náà ti pé oṣù mẹ́jọ sí méjìlá. Ẹ má ra ti gbogbo oko lẹ́ẹ̀kan náà o. Ẹgbẹ́ kò nílò ìnáwó bẹ́ẹ̀. Ẹ dáwó jọ ra ìdì márùn-ún, ẹ gbìn ín sí ilẹ̀ kan tó jìnnà sí ẹ̀gẹ́ àtijọ́ nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀ dáadáa, ní mítà kan sí mítà kan. Láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, èyí tí ewé rẹ̀ bá ká, ẹ fà á tu lójú ẹsẹ̀, ẹ má ṣàánú rẹ̀. Ìdì kan lè di bíi mẹ́wàá lọ́dún kan, ìyẹn ni pé ẹ̀rún tó ń bọ̀, ẹ ó ní igi éékà méjì tó jẹ́ tiyín.

Ní ti irú èyí tí ẹ máa yàn, TME 419 ni màá kọ́kọ́ wò. Àgbẹ̀ ilẹ̀ Tógò ló ń gbìn ín tẹ́lẹ̀, Gbazekoute ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ó lè dúró kojú mòsáíìkì, igi rẹ̀ sì máa ń gùn gbọọrọ láì ya ẹ̀ka púpọ̀, kò ní bo àgbàdo tí ẹ bá gbìn sí i lójú. Àwọn márùn-ún mìíràn jáde ní 2020, Game Changer àti Obasanjo-2 wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ra ẹ̀gẹ́ yín ṣe garì àti láfún ná, torí ohun tí wọ́n bá kọ̀ ní ọjà, ibi kíbi tó ti wù kó wá, ẹ̀yin ni yóò kù sí lọ́wọ́.