Ọ̀nì ò purọ́, ṣùgbọ́n…

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ìgbà omíyalé Maiduguri, oṣù kẹsàn-án 2024, ni ọkọ mi ti ní òun ò wo ìròyìn tẹlifíṣọ̀n ilé mọ́. Wọ́n ní ti òkèèrè ló fi ọ̀nì tó sá jáde lọ́gbà ẹranko hàn, tiwa kàn ń ya àwọn olóṣèlú ni. Iye òkú tí wọ́n ń dá gan-an ò bára mu. Ta ni ká gbàgbọ́? — Ìyá Ìbejì, Bàrígà.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi kí Bàbá Ìbejì. Ọ̀nì ò purọ́, àmọ́ ẹni tó sọ ilé nù pọ̀ ju ọ̀nì lọ.

Ti iye òkú ò le. NEMA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, kọ́kọ́ dá 30, nígbà tó yá ó di 37. Ẹni tó gbọ́ ìròyìn àárọ̀ àti ẹni tó gbọ́ tọ̀túnla á bára wọn jà lásán. Ẹ máa tẹ́tí sí ẹni tó dá iye náà àti ọjọ́ tó dá a.

Ohun tó ká èmi lára ni ìsédò Alau, nítòsí Maiduguri, tó já tí omi fi ya wọ ìlú. Ó ti já rí ní 1994! Mo di rìmóòtù mú títí, gbogbo wọn ń sọ òjò, òjò. Ẹni tó bá rántí 1994 fún yín, ilé tàbí òkèèrè, ẹ dúró lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nì yẹn mú mi rántí tiwa. Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹwàá oṣù keje 2011, tí òjò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Èkó lọ, omi dé wa lórókùn ní Ṣómólú. Àwọn oníròyìn kan dé, n ò ní dárúkọ wọn. Ìyá oníṣu kan ti la omi já, ó pọn ọmọ, ó gbé àtẹ rù. Ayàwòrán ní: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún padà gba ibẹ̀ yẹn.” Ìyá wò ó láti òkè délẹ̀: “Ṣé ìwọ lo máa bá mi ra iṣu tó bá bọ́ sómi?” Ó padà ṣá. Gbogbo ẹnu ló fi sọ ọ̀rọ̀ gọ́tà tí pàǹtí dí. Lálẹ́, a rí i fìrí, a ò gbóhùn ẹ̀. Ọ̀gá kan tí bàtà ẹ̀ ò tutù ló ń ṣàlàyé omi fún wa.

Nítorí náà, bí omi bá tún ya ìlú kan, ẹ̀yin àti Bàbá Ìbejì, ẹ máa ka iye ẹni tó rin gbingbin tí wọ́n jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ wò ó bóyá ẹnikẹ́ni ṣì wà níbẹ̀. Àwọn òkèèrè kì í pẹ́ lọ. Tiwa náà ò fi bẹ́ẹ̀ sàn.

Ní ti rìmóòtù, kí Bàbá Ìbejì mú un ní aago mẹ́jọ, kí ẹ gbà á ní mẹ́sàn-án. Ìyẹn bí NEPA bá gbà fún yín.