Ẹ má jẹ́ kí àánú yan ajá fún yín

Arábìnrin mi, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ ní ọkọ yín gbọgbẹ́ ẹsẹ̀ bọ̀ láti Afganísítáànì, kì í sùn lóru, ẹ sì ń bèèrè bóyá ajá láti ilé tí wọ́n ń kó ajá tí kò lólúwa sí lè ràn án lọ́wọ́. Iṣẹ́ sójà Amẹ́ríkà lèmi náà ṣe, Ìráàkì ni bọ́ǹbù ti ṣe mí léṣe. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti mú ajá tèmi jáde. Ó lè ràn án lọ́wọ́ gan-an ni, àmọ́ ìwà ajá ni kí ẹ wò.

Ajá tó ń gbọ̀n ní kọ̀rọ̀, tó ń ta gìrì bí wọ́n bá gbá ilẹ̀kùn, ó ṣeni láàánú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tirẹ̀ á kún ti ọkọ yín. Èyí tó gbọ́ ariwo, tó wẹ̀yìn wò, tó sì padà sídìí ohun tó ń ṣe, òun ni kí ẹ wá. Kí ọkọ yín fúnra rẹ̀ lọ jókòó tì í, kó tún padà lọ lọ́jọ́ mìíràn. Èyí tó ń fa okùn burúkú lè bì í ṣubú. Bó bá sì jẹ́ pé ó fẹ́ máa fara tì í rìn, kí dókítà ẹranko kọ́kọ́ yẹ egungun ìbàdí ajá náà wò.

Ajá tó kàn ń báni gbélé yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kọ́ níṣẹ́. Tèmi máa ń fi imú gún mi jí bí àlá ogun bá dé. Bí mo bá tò sórí ìlà nílé ìtajà, á dúró sẹ́yìn mi kí ẹnikẹ́ni má bàa yọ sí mi lójijì. Irú èyí ni ADA, òfin Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn aláìlera, gbà láàyè láti wọlé ìtajà. Ìbéèrè méjì péré ni wọ́n lè bi yín: ṣé nítorí àìlera ni ẹ fi nílò rẹ̀, iṣẹ́ wo ni wọ́n sì kọ́ ọ? Òfin náà kò béèrè káàdì kankan, nítorí náà ẹ má fowó ra ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì!

Ẹgbẹ́ K9s For Warriors ní Florida ti ń kọ́ irú ajá báyìí fún àwọn sójà tó ti ogun bọ̀ láti 2011, ilé ajá tí kò lólúwa ni wọ́n ti ń mú èyí tó pọ̀ jù nínú ajá wọn, sójà kì í sì í sanwó. Ẹgbẹ́ yòówù tí ẹ bá yàn, ẹ bèèrè bóyá Assistance Dogs International, àjọ tó ń yẹ àwọn tó ń kọ́ ajá níṣẹ́ wò, fọwọ́ sí i, torí ìyẹn wà lára ohun tí VA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń tọ́jú àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì, ń wò kó tó gbé ìnáwó dókítà ẹranko.

Ajá kò rọ́pò ìtọ́jú o. Mo ṣì ń lọ bá oníṣègùn ọpọlọ sọ̀rọ̀.

Bí àwọn ìyá bá wá láti ilé, wọn ò ní fẹ́ rí ajá nínú yàrá. Màmá mi bínú gidi, wọ́n ní ìta ni ibùgbé ajá. Ẹ tètè ṣàlàyé fún wọn pé iṣẹ́ òru ló ń ṣe níbẹ̀.

Lákòótán, ta ni yóò máa mú ajá jáde láàárọ̀? Jíjáde yẹn wà lára ohun tó wo èmi sàn. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan ni ẹ óò máa ṣe é, ẹ dúró ná títí ara ọkọ yín yóò fi gbé e.