Bí ẹ ṣe lè sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀ káúńtì

Ẹ béèrè bí ẹ ṣe máa mọ ọjọ́ tí káúńtì yín (ìjọba ìbílẹ̀ tó sábà máa ń ní ọ̀pọ̀ ìlú nínú) ní California máa jíròrò lórí títì iwájú ilé yín, àti bóyá wọ́n á jẹ́ kí ẹ dá sí i. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á jẹ́ kí ẹ dá sí i; Brown Act, òfin California tó ní kí ìpàdé ìjọba ìbílẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún aráàlú, ló sọ ọ́ di dandan. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó ni títì náà: tó bá wà láàárín ààlà ìlú, ìgbìmọ̀ ìlú ló sábà máa ń bójú tó o, ẹ kàn máa fi ẹsẹ̀ gbálẹ̀ lásán lọ́dọ̀ káúńtì ni.

Ẹ máa yẹ ojú ìwé Board of Supervisors, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń darí káúńtì, wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó kéré tán, wákàtí 72 ṣáájú ìpàdé déédéé ni ètò ìpàdé gbọ́dọ̀ ti jáde; ti ìpàdé àkànṣe lè jẹ́ wákàtí 24 péré ṣáájú, òun ló máa ń bá èèyàn lójijì.

Ẹ má wo àwọn àkòrí ńláńlá nìkan o. Abẹ́ "consent calendar" ni iṣẹ́ títì sábà máa ń fara pa mọ́ sí, níbi tí wọ́n ti ń dìbò lórí ọ̀pọ̀ nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà láìjíròrò. Ẹ kọ nọ́ńbà tí iṣẹ́ títì yín ní nínú ètò ìpàdé sínú káàdì olùsọ̀rọ̀ (ìwé tí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ máa ń kọ), kí ẹ sì fún akọ̀wé kí wọ́n tó dìbò.

Ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn. Ìkíni gígùn ò ṣe é níbẹ̀! Orúkọ títì, ibi tó ti bàjẹ́ gan-an, ohun tí ẹ fẹ́: ó tán. Tí ọ̀rọ̀ náà ò bá sí nínú ètò, wọ́n á gbọ́ yín, ṣùgbọ́n wọn ò lè ṣèpinnu lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà.